Àgbà Tí A Lé Kúrò Lọ́jà

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún fún màmá kan ní Máhìntẹ̀dó, ìlú wa lójú omi Ìlàjẹ. Àwọn ọmọ wá láti Èkó àti Àkúrẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ wá láti òkè òkun. Aṣọ ẹbí wà, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù wà, àwọn ọmọ ìjọ Séráfù sì kọrin títí afárá pákó iwájú ilé fi ń mì. Nígbà tí ayẹyẹ dé góńgó, àkọ́bí gba gbohùngbohùn. Ó ní gbogbo àwọn ọmọ ti fẹnu kò: láti ọjọ́ náà lọ, Màmá kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́, Màmá kò gbọdọ̀ yan ẹja mọ́, ẹsẹ̀ Màmá kò gbọdọ̀ tẹ ọjà Igbókòdá mọ́. Ó ní àwọn ti ta ọkọ̀ kékeré tí Màmá ń wà, àwọn sì ti gbé àjẹ̀ há àjà. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tó. Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

Ilé pàtẹ́wọ́. Èmi wo ojú Màmá, ọwọ́ mi kò sì lè gbéra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ kí Màmá. Wọ́n jókòó sórí àga tuntun tí àwọn ọmọ rà, àga onítìmùtìmù, tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, òní mà jẹ́ ọjọ́ wo?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Obìnrin tó ń bi mí léèrè ọjọ́ yìí kò ní kàlẹ́ńdà rí láyé rẹ̀, kò sì ṣi ọjọ́ ọjà kan rí. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ka oṣù. Nígbà tí a gba ọjà lọ́wọ́ wọn, a gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn.

Láti ìgbà náà ni òwe kan ti ń ké lọ́kàn mi: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ìyá pọn ọmọ, ó ń ná ọjà, orí ọmọ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, àgbà tó ń kọjá sì bá a tún un ṣe. Ibẹ̀ kò nílò àlàyé. Ohun tó ń ká mi lára ni bí a ṣe ń lo òwe náà. Bí ìlú bá bàjẹ́, a ó pa á mọ́ àwọn àgbà lójú, a ó ní, "Níbo làwọn àgbà wà tí orí ọmọ fi wọ́?" Ẹ̀bi ni a máa ń fi í dá. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú orí ọmọ nínú rẹ̀: *wà lọ́jà*. Kí àgbà tó tún orí ọmọ ṣe, ó ní láti wà lọ́jà ná. Àwọn tó pa òwe yìí kò fi àgbà sí yàrá, wọn kò fi í sídìí fèrèsé kó máa wo omi. Àárín èrò ni wọ́n fi í sí, níbi tí ojú rẹ̀ ti ń rí ohun tí ojú ọ̀dọ́ kò rí.

Ìdájọ́ mi nìyí, n kò ní fi í pamọ́ dìgbà ìparí. Ẹni tó bá yọ àgbà kúrò lọ́jà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e, ẹ̀mí àgbà náà ló ń gé kúrú, ìbáà jẹ́ ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Inú dídùn ní í mórí yá, orí yíyá ní í mú ara le. Inú àgbà kì í sì í dùn nítorí àga tó rọ̀. Ó ń dùn nítorí pé ẹnìkan ṣì ń wá a wá fún nǹkan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èrò tèmi nìkan ni mo ń sọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2003 títí di oṣù kẹjọ ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn rán àwọn olùwádìí láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára wọn. Wọ́n bá 2,152 àgbà sọ̀rọ̀, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń mú kí ayé dára lójú àgbà, ohun tó yọ sókè gbangba ni kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò. Àgbà tí wọ́n ń pè sí ìpàdé, tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀, tó ń rí ọ̀rẹ́, ayé rẹ̀ dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ.

Ìwádìí kan náà fi ojú kejì ọ̀rọ̀ hàn. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, bí 26 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti kọlù rí láyé wọn. Àwọn bíi méje ló sì wà nínú rẹ̀ láàárín ọdún kan ṣáájú ìbéèrè náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí mo ń sọ yìí kọjá ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Òun ni àìsàn tí oúnjẹ kì í wu ènìyàn jẹ, tí oorun á dá, tí ohunkóhun kò ní dùn mọ́ni mọ́. Báwo ni a ṣe ń pè é nílé wa? A ó ní, "Ogbó ti dé sí Màmá ni." A ó fi orúkọ ogbó bo àìsàn mọ́lẹ̀, a ó sì máa wò ó. Nígbà tí mo rí àwo oúnjẹ tí Màmá kò fọwọ́ kàn, ẹnìkan nínú ilé sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún mi. Oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, Màmá ń jẹ púpurú tán nínú àwo kí ọkọ̀ tó gbéra lọ Igbókòdá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ Màmá mọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí a sọ nù. Bí wọ́n bá to ọ̀bọ̀kún sórí wáyà ààrò, wọn kì í wo aago. Wọ́n á jẹ́ kí èéfín ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á yí ẹja padà, wọ́n á tún yí i padà. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á fi ẹ̀yìn ìka ìfábẹ̀lá kan ẹja náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tẹ́tí. Bó bá dún *kó, kó* bí igi, ó ti gbẹ. Bó bá dún *bù*, ó kù. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ wọn obìnrin ti ń kó ẹja sínú agbọ̀n, Màmá na ọwọ́, wọ́n kan ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n ní, "Dá a padà síná. Omi ṣì wà níkùn rẹ̀. Kó tó di ọ̀tunla, ìdin á ti bá ọ tà á." Ọmọ náà dá a padà.

Ṣé ẹ rí i? Orí ọmọ ló wọ́, àgbà wà lọ́jà, ó tún un ṣe. Kò gba ju ìka kan lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí náà, ọmọ ọmọ yìí nìkan ló ń yan ẹja. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà dá agbọ̀n kan padà fún un láti Igbókòdá, ìdin ti mú un. Ọmọ náà sunkún, Màmá sì wà nínú yàrá, ìka wọn wà lórí itan.

Ohun tí ojú mi rí ní Máhìntẹ̀dó yìí, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti ń wọ̀n ọ́n níbòmíràn. Ní ọdún 1998, nígbà tí Martin Seligman jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé dojú kọ àìsàn ọkàn nìkan, kí wọ́n wádìí ohun tó ń mú kí ayé ènìyàn ní adùn àti ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yíjú sí ọ̀rọ̀ ogbó. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan ka ìtàn ìgbésí ayé kúkúrú tí 180 obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ bí ọdún 22, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú ìgbà náà. Irú ilé kan náà ni àwọn obìnrin wọ̀nyí gbé, irú oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, kò sí èyí tó bímọ nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ayọ̀ pọ̀ jù nínú ìwé wọn fi nǹkan bí ọdún méje sí mẹ́wàá pẹ́ láyé ju àwọn tí ọ̀rọ̀ ayọ̀ kéré jù nínú tiwọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Becca Levy ti Yunifásítì Yale gbé òmíràn jáde. Ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, láti ọdún 1975, wọ́n ti bi 660 ènìyàn tó ti pé àádọ́ta ọdún sókè léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ọjọ́ orí wọn. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni bóyá ìwúlò ènìyàn ń dín kù bó ṣe ń dàgbà. Nígbà tí Levy wá wo ọdún tí oníkálukú kú, àwọn tó ní èrò rere nípa ogbó ti fi ọdún méje àtààbọ̀ pẹ́ ju àwọn yòókù, lẹ́yìn tí ó ti yọ owó, ìlera àti ìdánìkanwà kúrò nínú ìṣirò. Ní 2012, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé bí àìlera tó le bá sọ àgbà di ẹni tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá wọṣọ, ẹni tó ní èrò rere nípa ogbó fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún láǹfààní láti padà bọ̀ sípò pátápátá ju ẹni tí kò ní i lọ.

Báwo ni èrò ṣe ń wọ inú egungun? Kò jìnnà. Ẹni tó bá gbà pé òun ti parí kò ní rìn, kò ní lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò ní sọ fún dókítà pé orúnkún ń dun òun. Á ní ogbó ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tọ̀sán-tòru, ara rẹ̀ á máa tú omi ìdààmú sínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá á gòkè, ọkàn á rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí à ń bu sínú ọkàn àwọn àgbà wa. Láti kékeré ni a ti ń gbàdúrà pé, "Wàá gbó, wàá tọ́." Bí ẹni náà bá wá gbó, tí ó tọ́ lóòótọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Obìnrin tó bá pé àádọ́rùn-ún ọdún, tí ọmọ kan kú ní ilé rẹ̀, wọ́n á ní òun ló ń jẹ ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ burúkú yìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé, mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù. À ń tọrọ ogbó, à ń sá fún arúgbó. Níbo ni a fẹ́ kí àgbà ti rí èrò rere nípa ara rẹ̀, nígbà tí ilé tó bí sáyé ń bẹ̀rù rẹ̀?

Àwọn ọmọ Màmá á dá mi lóhùn pé, "Bí wọ́n bá ṣubú sómi ńkọ́?" Ẹni tó jókòó sí yàrá náà ń ṣubú, ẹsẹ̀ tí kò rìn ni í kọ́kọ́ gbàgbé ìrìn. N kò ní dúró lórí ìyẹn.

Òwe kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dúró fún, nítorí pé ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti ń sọ̀rọ̀ inú dídùn bí ẹni pé inú lè dùn lófìfo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ayétòrò, lórí ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa yìí. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, ohun tí ọwọ́ kan bá rí di ti gbogbo ọwọ́. Ayé sì ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀. Lónìí, òkun ti gbé ilé lẹ́yìn ilé níbẹ̀, iṣẹ́ ìdènà òkun tí wọ́n gbé jáde láti 2004 kò sì tíì dá omi dúró. Àgbà tí òkun gbé yàrá rẹ̀ lọ lóru, ta ló fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ kó máa kọ́ ọ ní èrò rere? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ìyà jẹ ẹni ìyà ń jẹ. Ó yẹ kí ìjọba dá òkun dúró, ó sì yẹ kí àgbà rí owó tó dájú lóṣooṣù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí wa: ní 2011, ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà aláìní tó ti pé ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣù; Ọ̀ṣun náà fún àwọn tirẹ̀ ní ₦10,000 lábẹ́ ètò Àgbà Ọ̀ṣun. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ ó sọ fún àgbà pé ìlú mọ̀ pé ó wà.

Nítorí náà, mo gba ohun tí òwe yẹn sọ, mo sì fi í gbé òwe tí àkọ́bí Màmá pa yẹ̀ wò. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu: òótọ́ ni. Kí ọmọ fún un lọ́mú. Kí owó Èkó máa wọlé, kí wọ́n ra oògùn ìfúnpá, kí wọ́n tún òrùlé ṣe. Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ jù sómi. Àmọ́ ẹ tún òwe náà kà. Ọmú ni wọ́n ní kí a fún òkété. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí a dí ihò rẹ̀. Ọmọ tó fún ìyá lọ́mú, tó sì dí ihò ìyá, ó fi ọwọ́ kan fún un, ó fi èkejì gbà á padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kò sí ẹni tó ní kí ẹni ọgọ́rin ọdún máa fi àjẹ̀ la ìgbì kọjá lọ́gànjọ́. Jẹ́ kí ọmọ ọmọ wa ọkọ̀, kí Màmá jókòó sí àárín rẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀dọ́ gbé agbọ̀n, kí Màmá dá iye lé ẹja. Kí ààrò wà níta níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ, kí àpótí ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìka Màmá máa sọ èyí tó gbẹ àti èyí tó kù. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú rẹ, pè é kó wá gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyá tó mọ àwọ̀n hun, ra okùn fún un, fi ọmọ méjì jókòó tì í. Bí ìpàdé ẹbí bá fẹ́ wáyé, má fi ìpinnu tó ti parí lọ bá àgbà kó fọwọ́ sí i. Bi í léèrè kí ẹ tó pinnu. Bí àgbà bá sì kọ oúnjẹ, tí ó kọ oorun, tí ọ̀rọ̀ kò wù ú sọ mọ́, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Má fi orúkọ ogbó pè é.

Àti ẹ̀yin àgbà pẹ̀lú, ẹ má gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sinmi, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè pé, "Kí ni n ó máa ṣe lọ́la?" Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ní òròòwúrọ̀, ó ní ìdí tí yóò fi jí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún ya ilé Màmá. Mo gbójú sókè, mo rí àjẹ̀ náà ní àjà. Aláǹtakùn ti ta òwú láti ọwọ́ rẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ Màmá ti máa ń dì í mú sì ṣì ń dán. Màmá rí mi bí mo ṣe ń wò ó. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ Màmá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn. Ẹ wá gbé àjẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀.